Ìdákẹ́ Tí Mo Gé Dànù

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílùú òyìnbó. Òtútù, wọ́n ti kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo ti ra ìbọ̀sẹ̀ onírun méjì ní Dùgbẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún á mú mi wọ yàrá ìyá ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, á sì sọ pé, “Margaret nìyí. Margaret ni kó o máa pè é.” Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, mo ní, “Ẹ káàárọ̀, mà,” ní Yorùbá gidi, mo sì kúnlẹ̀. Ìyá náà bojú wò mí bí ẹni tó gbọ́ igbe ewúrẹ́ nínú ilé.

Ìwé kan wà lára ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan tó sọ iye ìṣẹ́jú tí a gbọ́dọ̀ lò níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ti Margaret: ká gbé e dìde, ká wẹ̀ ẹ́, ká wọṣọ fún un, ká fún un ní tíì. Ṣùgbọ́n Margaret kì í yára fèsì. Bó o bá bi í bóyá ó fẹ́ ṣúgà, ojú rẹ̀ á lọ sí fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ á máa wá bọ́tìnnì lára aṣọ, ó sì lè tó ìṣẹ́jú kan gbáko kó tó sọ pé, “Ẹyọ kan.” Ọmọbìnrin yẹn kì í dúró. Á bi í, á sì ti da ṣúgà sí i kí ìbéèrè tó parí lẹ́nu rẹ̀. “Má da ara ẹ láàmú,” ló sọ fún mi. “Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ nínú ẹ̀ mọ́.”

Mo bínú sí i gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé èmi kọ́ ló yẹ kó bínú. Ohun tó ń ṣe fún Margaret, mo ti ṣe é fún àgbàlagbà kan rí ní Bódìjà. Ẹ̀rọ ni mo tiẹ̀ fi ṣe tèmi, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Tíṣà Yorùbá ni mí nígbà yẹn, nílé-ìwé girama aládàáni kan lẹ́yìn ọjà Bódìjà. Àwa méjì là ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀. Màmá Mọ́níyà là ń pe ẹnìkejì mi. Mọ́níyà ni wọ́n ń gbé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọkọ̀ ní kùtùkùtù, wọ́n á sọ̀ ní Òjóò, wọ́n á tún wọ òmíràn, síbẹ̀ àwọn ló máa ń ṣílẹ̀kùn yàrá àwọn tíṣà. Ọmọ Ṣakí ni wọ́n, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn ti fọ́n ká. Ilé-ìwé wa ló kù tí wọ́n ń torí rẹ̀ jí láàárọ̀.

Màmá kì í lo nǹkan kan ju ẹnu wọn àti etí wọn lọ. Wọ́n á pe ọmọ kan dìde, wọ́n á sọ ìlàjì òwe kan, wọ́n á wá dákẹ́. Bí ọmọ náà bá dákẹ́, àwọn náà á dákẹ́. Mo ti rí i rí tí gbogbo kíláàsì ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń lọ ata lọ́jà, tí Màmá ṣì ń dúró, tí wọ́n ń wo ọmọ náà pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni tó ń retí àlejò tó dá a lójú pé ó ń bọ̀. Bí ìdáhùn bá jáde láàbọ̀, wọ́n á ní, “Ó kù.” Ọmọ á tún gbìyànjú. “Ó kù.” Ìgbà tó bá pé tán ni wọ́n tó máa ń sọ pé, “Jókòó.” Kò sẹ́ni tó ń jókòó kí Màmá tó ní kó jókòó. Àwọn ọmọ a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ láàárín ara wọn: bí ẹnì kan bá ń ro ẹjọ́ tó ń fi apá kan pa mọ́, àwọn yòókù á pariwo lé e lórí pé, “Ó kù!”

Ìgbà tí ilé-ìwé ra tábílẹ́ẹ̀tì fún àwọn kíláàsì ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wa, obìnrin tó dá ilé-ìwé náà sílẹ̀, fẹ́ kí gbogbo ẹ̀kọ́ wọ inú ẹ̀rọ. Fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n rí èyí tí wọ́n rà. Ti Yorùbá kò sí. Èmi ni mo nawọ́. Mo mọ kọ̀ǹpútà lò díẹ̀, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà. N kò ní purọ́ pé wọ́n fi tipá mú mi. Agbowó ni mo ń gbé, nítorí náà mo máa ń gbé kọ̀ǹpútà mi lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì níbẹ̀, torí jẹnẹrétọ̀ wọn kì í sinmi. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò Màmá nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ni ní òwe, àlọ́ àpamọ̀ àti ewì.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?” ni wọ́n bi mí.

“Fún àwọn ọmọ tára wọn ò bá yá ni, mà, àwọn tí ò bá lè wá.”

Inú wọn dùn. Ìró àti bùbá òfì ni wọ́n wọ̀ wá lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀gá ní fídíò kan kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ, pé ọmọ ìwòyí ò ní sùúrù. Ti Màmá ń lọ sí ogójì. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà ní Agbowó, mo ń wá ohun tí mo lè yọ. N kò rí ọ̀rọ̀ kan tí mo lè yọ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdákẹ́ wọn. Gbogbo ibi tí wọ́n ti dúró de ọmọ, mo gé e. Gbogbo ibi tí ọmọ ti ń wá ọ̀rọ̀, mo gé e. “Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú,” kíá ni ìdáhùn ti dé, “bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.” Ó wá ń yára, ó ń dán, ó dà bíi ti tẹlifíṣọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ géérégé.

Nígbà tí mo fi han Màmá, wọ́n di tábílẹ́ẹ̀tì náà mú bí ẹni di abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná mú, wọ́n wò ó títí tó fi parí. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. “Obìnrin yìí jọ mí o,” ni wọ́n wí. “Àmọ́ ẹnu ẹ̀ yá jù. Kì í gbọ́ tọmọ.” A jọ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Àjọyọ̀ òpin sáà ni wọ́n ti fi fídíò náà han àwọn òbí, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí n dìde kí wọ́n rí mi. Kò pẹ́ sí i ni iṣẹ́ òkè òkun bọ́ sí mi lọ́wọ́. Wọ́n ń bèèrè lẹ́tà ìjẹ́rìí látọ̀dọ̀ ẹni tí mo ti bá ṣiṣẹ́. Mo lọ bá Ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Wọ́n gbé bírò, wọ́n tún gbé e sílẹ̀.

“Bó o ṣe ń lọ yìí,” ni wọ́n wí, “ṣé tíṣà Yorùbá méjì náà ni mo ṣì nílò?”

Mo wo bírò náà. Mo ní, “Fídíò ti wà, mà. Ẹni tó bá ṣáà ti mọ bọ́tìnnì tẹ̀, ó ti tó.”

Wọ́n fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. N kò dárúkọ Màmá, ohun tí mo sì fi ń tu ara mi nínú láti ọjọ́ yẹn nìyẹn, pé n kò dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n àwa méjì péré la wà, èmi ń lọ, gbogbo ilé-ìwé ló sì mọ̀ pé Màmá ò mọ bọ́tìnnì kankan tẹ̀.

Oṣù kejì tí mo débí ni Màmá pè mí. Ọ̀sán ni, mo wà nínú bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì ìlú yìí dákẹ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ọ́, mo kí gbogbo èrò inú rẹ̀, gbogbo wọn sì wolẹ̀ bí ẹni tí mo ká mọ́ ibi tó ti ń jalè. Nítorí náà, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo fi gbé fóònù. Oríkì mi ni Màmá fi pè mí. Wọn kì í pè mí lórúkọ rí. N kò ní kọ oríkì náà síbí; kò rọ̀ mí lọ́rùn mọ́.

“Ọmọ mi, ṣé ò ń jẹun? Òtútù ò mú ẹ jù?”

“A dúpẹ́, mà. Iṣẹ́ ńkọ́, mà?”

“Háà, iṣẹ́ ti fi mí sílẹ̀ o. Wọ́n ní kí n lọ máa sinmi. Wọ́n ní ohùn mi ti wà nínú ẹ̀rọ, pé kí n má fi wàhálà ọkọ̀ pa ara mi. Ọmọ kékeré kan ni wọ́n gbà, òun ló ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “O ò rí i? Èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara mi.”

Mo fi fóònù mọ́ etí, mo yíjú sí fèrèsé bọ́ọ̀sì.

“Má jẹ́ kó bà ẹ́ lọ́kàn jẹ́,” ni wọ́n ní. “Ìwọ lo jẹ́ kí ohùn mi ṣẹ́kù sílé ayé. Ọlọ́run á bù kún ẹ.”

Mo ṣe àmín. Ibùdókọ̀ tí kì í ṣe tèmi ni mo sọ̀ sí, mo fẹsẹ̀ rìn délé, mo ń sunkún, mo ń nu ojú, bí mo bá pàdé èèyàn mo ń ṣe bí ẹni pé atẹ́gùn ni.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ni mo ń ṣàárò nílé. Wọ́n ń retí kí n dárúkọ oúnjẹ. Lóòótọ́, mo ti sunkún nítorí ẹ̀bà rí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń ṣàárò jù ni pé kí èèyàn ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́ kí n tó la ẹnu. Níbí, ọwọ́ lásán ni mí: ọwọ́ tó ń gbé arúgbó dìde, ọwọ́ tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nílé, tíṣà ni mí. Ẹni tó lè jẹ́rìí sí i jù pé tíṣà ni mí, Mọ́níyà ni wọ́n wà. Àbúrò mi tó lọ kí wọn sọ fún mi pé wọ́n ṣì ń wọṣọ iṣẹ́ láràárọ̀, wọ́n ń kó ìwé sínú báàgì, wọ́n á wá jókòó síwájú ilé títí oòrùn á fi lé wọn wọlé.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, Màmá tún pè. “Ọmọ mi, ìwọ ni Ọ̀gá ń gbọ́ tìẹ. Bá mi bẹ̀ wọ́n. Kì í ṣe ojoojúmọ́. Ọjọ́ Ẹtì nìkan náà ti tó, kí n ṣáà máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ.”

Mo pe Ọ̀gá. Inú wọn dùn láti gbọ́ ohùn mi, wọ́n bi mí nípa yìnyín. Mo ro ẹjọ́ Màmá.

“Ṣèbí ìwọ fúnra ẹ lo dúró síwájú mi,” ni wọ́n dáhùn, “tó o ní ẹni tó bá ti mọ bọ́tìnnì tẹ̀ ti tó? Àbí irọ́ lo pa fún mi?”

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ: bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni mà, irọ́ ni mo pa, lẹ́tà ni mo fẹ́ gbà. “Rárá, mà,” ni mo sọ, mo dúpẹ́, mo gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí Màmá bi mí, mo ní Ọ̀gá ní àwọn á rò ó. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń bèèrè: “Ọ̀gá ò tíì fèsì?” Èmi náà á ní, “Wọn ò tíì fèsì, mà.” Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bọ́ irọ́ yìí bí ẹni bọ́ ẹran ọ̀sìn.

Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de Margaret. N kò lè sọ pé inú rere ni. Bóyá ẹ̀bi ni. Mo bi í nípa ṣúgà, mo sì fi ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn kí wọ́n má baà kánjú da ṣúgà. Ó wo fèrèsé. Ó wá bọ́tìnnì. “Ẹyọ kan,” ló wí. N kò tíì lọ, mo ṣì dúró. Ó wá yíjú sí mi. “Kí lo pè mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn?”

“Mà.”

“Ìyẹn dùn létí mi,” ló wí. Wọ́n bá mi wí lọ́jọ́ náà pé mo pẹ́ ní yàrá kan ṣoṣo. Inú mi dùn dọ́ba.

Àwọn Yorùbá kan wà nílùú yìí tí wọ́n gba gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì fún wa ní Sátidé, kí n lè máa kọ́ àwọn ọmọ wọn lédè. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe: mo gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, mo sì fi fídíò Màmá hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n ń jẹ bisikíìtì. Nígbà tó parí, Tọ́mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nawọ́ sókè.

“Àǹtí, kí ló dé tí màmá àgbà yẹn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀?”

Mo pa kọ̀ǹpútà náà dé. Gbogbo ẹni tó ti dìde níwájú Màmá rí ló mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń dúró de ọmọ bíi tiwọn. Àfi àwọn tó mọ̀ wọ́n nípasẹ̀ mi. Mo ti gbàgbé pé àwọn ọmọ Bódìjà náà, irú ìyá yìí ni wọ́n ń wò lójoojúmọ́. Ìtìjú bá mi débi pé mo ní kí wọ́n lọ ṣeré níta.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo pe Màmá fúnra wọn, kí àwọn ọmọ lè rí wọn lójúkojú. Aládùúgbò wọn bá wọn gbé fóònù ti ògiri, ó sì kọ́ wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìró òfì ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n wọ̀.

“Ta ni yóò bá mi sọ̀rọ̀?” ni wọ́n bèèrè. Gbogbo ọmọ nawọ́ sí Tọ́mi. “Dìde, ọmọ mi. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú…”

Wọ́n dákẹ́. Tọ́mi dákẹ́. Mo la ẹnu láti ràn án lọ́wọ́, Màmá sì na ìka kan sókè sí mi láti Mọ́níyà, mo pa á dé. Bàbá ọmọ kan tó jókòó lẹ́yìn ní, “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gbé e o, ẹ tún un pè.” Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣe nǹkan kan. Màmá ń dúró ni.

“Wọ́n á pe áḿbúláǹsì,” ni Tọ́mi wí.

Màmá rẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi yẹ̀. “Òótọ́ ni, wọ́n á pe áḿbúláǹsì. Ṣùgbọ́n ó kù.”

Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó wo òrùlé. Yorùbá rẹ̀ ń jáde lẹ́yọ lẹ́yọ. “Á… wo ẹ̀yìn. Kó lè mọ… ohun tó gbé e ṣubú.”

“Jókòó,” ni Màmá wí.

A fún àwọn ọmọ ní ìsinmi kí wọ́n lọ mu ohun mímu. Ó ku èmi àti fóònù. Ojú Màmá ń dán. N kò rí wọn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Wọ́n gbàdúrà fún mi, fún ọmọ tí n kò tíì bí, fún àwọn tó gbà mí síṣẹ́. Wọ́n wá ní, “Ọ̀gá wa ńkọ́? Wọn ò tíì fèsì?”

Mo ti dìde dúró kí n tó mọ̀.

“Wọ́n ti fèsì tipẹ́, mà. Wọ́n kọ̀. Mo parọ́ fún yín ni.”

Wọ́n tún awò ojú wọn tò. “Ó kù,” ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fún ọmọ ọdún mọ́kànlá.

“Kí n tó máa bọ̀, wọ́n bi mí bóyá àwọn ṣì nílò tíṣà méjì. Mo ní fídíò ti wà.”

“Ó kù.”

“Mo ní ẹni tó bá ti mọ bọ́tìnnì tẹ̀ ti tó. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ni mo mọ̀. Lẹ́tà mi ni mo fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí.”

Wọ́n dákẹ́. Mo wo aago ara ògiri ẹ̀yìn wọn bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Aago náà ń lọ. Adìyẹ kan kọjá lẹ́yìn wọn. Mo ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní ojú títì Mọ́níyà, mo ń gbọ́ èémí wọn. Wọn kò gbójú kúrò lára mi. Mo ti gé irú ìdákẹ́ yìí dànù tó ogún, ó tó ọgbọ̀n, ní Agbowó, pẹ̀lú ìka kan péré. N kò lè gé èyí.

“Ó pé,” ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn.

Mo ń retí ọ̀rọ̀ tó kù. Àwọn ọmọ ti ń padà wọlé, bisikíìtì lẹ́nu. Mo di ẹ̀yìn àga mi mú.

“Mi ò tíì ní kó o jókòó,” ni Màmá wí. “Pe àwọn ọmọ yẹn wá. A ò tíì pàlọ́.”

Mo gbé fóònù sáàárín àwọn ọmọ, mo sì wà lórí ìdúró títí kíláàsì fi parí. Láti ìgbà náà, Màmá kò pa Sátidé kan jẹ rí. Tó bá kù díẹ̀ kí àkókò tó tó, àwọn ló ń pè. Wọ́n ti mọ bọ́tìnnì yẹn tẹ̀ wàyí. Wọn kò bi mí léèrè Ọ̀gá mọ́. Oríkì mi, wọn kò tíì tún fi pè mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tọ́mi rí i pé mi ò jókòó rí, ó gbé àga kan wá sẹ́yìn mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dúró ti àga náà. Màmá rí i. Wọ́n wo àga, wọ́n wò mí, wọn kò ní kí n jókòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ọmọ tó kàn.